Ó Ń Dún, O Ò Gbé E

Ọjọ́ kejì tí mo dé Òṣogbo ni Màmá fi ọ̀rọ̀ gún mi níwájú àlejò. Àwọn àǹtí mi mẹ́ta wá kí mi káàbọ̀ nílé wa ní Alékúwodò, mo ń ṣí mínírà fún wọn, ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá Wálé, ọmọ yín mà ń tọ́jú yín o." Màmá kò gbójú kúrò lórí ẹ̀wà tó ń ṣà. Ó ní, "Ó ń tọ́jú mi. Òun náà ni fóònù rẹ̀ ń dún tí kò gbé e."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti lé lógún ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, Màmá kò jẹ́ kó kú.

Wáyà ló fà á. Wáyà fóònù ilé tí mo háyà ní California, oṣù kìíní ọdún 2004.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilé yàrá mẹ́wàá rí, ní Òkè-Báálẹ̀ tàbí Ìgbónà, ẹ mọ bí ayálégbé ṣe ń ṣe. Bí wáyà iná bá já, ta ló ń dá owó? Bí kànga bá di ńkọ́? Onílé wa nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀: "Yàrá ni mo fi háyà, n ò fi iná háyà." Bàbá mi fi owó ara rẹ̀ kan àjà sí yàrá onílé, ó tún dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ pé onílé gba òun láyè.

Ìwà yẹn ni mo dì mọ́ ẹrù lọ sí Amẹ́ríkà. Wọn ò wọ̀n ọ́n ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, wọn ì bá gbowó lórí ẹ̀.

Òjò rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ kan, mo gbé fóònù sétí, kò fọhùn. N ò tíì ní alágbèéká nígbà náà. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dákẹ́ bíi fóònù ọ̀hún. Bí mo bá pàdé onílé níbi àpótí lẹ́tà, màá yára kí i, màá sì yára wọlé, kó má lọ rò pé ayálégbé oníjàngbọ̀n lòun gbà. Mo ti sanwó ilé o! Síbẹ̀, bí ajigbèsè ni mo ń rìn.

Ará Mexico kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló là mí lójú. Ó ní àpótí kékeré aláwọ̀ eérú kan wà lára ògiri ìta, ibẹ̀ ni wáyà ilé-iṣẹ́ fóònù parí sí. Kí n ṣí i, kí n yọ okùn tó lọ sínú ilé, kí n ki fóònù bọ ihò tó wà níbẹ̀. Bó bá fọhùn, inú ilé ni ìyọnu wà. Bí kò bá fọhùn, ẹ̀bi ilé-iṣẹ́ fóònù ni. Mo lóṣòó sídìí ògiri nínú òtútù, sálúbàtà lẹ́sẹ̀, fóònù ńlá lọ́wọ́, ajá aládùúgbò ń wò mí bí olè. Ó fọhùn: húúúú. Inú mi dùn bí ẹni pé ènìyàn ló wà níbẹ̀.

Mo tú ihò fóònù tó wà nínú yàrá. Wáyà mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀: pupa, àwọ̀ ewé, dúdú, àti àwọ̀ ìyeyè. Pupa àti àwọ̀ ewé ló ń gbé ohùn. Omi ti jẹ àwọ̀ ewé. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án, ó rún sí mi lọ́wọ́. Mo pe oníṣẹ́, mo fi owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì san án.

Nígbà tí ará Mexico gbọ́ pé èmi ni mo sanwó, ó fẹ́ẹ̀ lù mí. Ìwé òfin California tí wọ́n ń pè ní Civil Code, ẹsẹ 1941.4, sọ ọ́ gbangba: onílé ló gbọ́dọ̀ fi ihò fóònù kan, ó kéré tán, sílé tó fi háyà fún ènìyàn láti máa gbé, òun ló sì ni àtúnṣe wáyà fóònù inú ilé. (California ni mo wí o. Ẹ má lọ torí tèmi bá onílé yín jà ní Texas.) Mo mú rìsíìtì lọ bá bàbá onílé, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó wò ó, ó kọ ṣẹ́ẹ̀kì. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Ó parí.

Mo wá pe Màmá.

"O ti wá gbé e?" Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti ṣọ́ọ̀bù tán ní Olú-Ọdẹ, tó lọ jókòó sábẹ́ agbòjò onífóònù, aago méje alẹ́ tiwọn, aago mẹ́wàá àárọ̀ tèmi, tó mọ̀ pé mo ti dé láti ibi iṣẹ́. Bí wáyà bá já báyẹn nínú ilé, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ fóònù kò mọ̀. Yóò máa dún létí ẹni tó ń pè. Ọmọ onífóònù sọ fún un pé, "Ìyá, ó ń dún dáadáa. Wọn ò fẹ́ gbé e ni."

Mo ṣàlàyé àpótí eérú. Mo ṣàlàyé wáyà tó rún. Ó ní, "Ó dáa." Mo bi í pé kí ló dé tó ń pè mí. "Kò sí nǹkan kan. Ohùn rẹ ni mo fẹ́ gbọ́."

Láti ọjọ́ náà, Màmá kò pè mí mọ́. Ó ra fóònù tirẹ̀, kò pè mí. Ó ṣàìsàn lọ́dún kan, àbúrò mi ló ní kó pè mí. Bí mo bá bi í, á ní káàdì ló tán. Mo fi káàdì ránṣẹ́, káàdì tún tán.

Lánàá, ìdájí, mo ń dì ẹrù láti padà, fóònù mi dún. Nọ́ńbà Màmá ni. Yàrá kejì ló wà, ògiri kan ló wà láàárín wa. Mo gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù, mo sì gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri: "Hẹn-ẹn. O gbé e."