Ẹ̀yìn Coyote ni mo wà

Láti kékeré ni èmi àti àbúrò mi ti ń jà lórí kátúùnù Road Runner. Tirẹ̀ ni Road Runner, ẹyẹ asáré yẹn, tèmi ni Coyote, ẹranko bí ajá tí ebi ń pa, tó ń lé ẹyẹ náà kiri láti pa á jẹ. Ó ní ọ̀daràn ni mò ń gbè lẹ́yìn. Mo ní ebi kì í ṣe ọ̀ràn. A ti dàgbà, ìjà náà ò tíì parí. Bó bá ti rí ọ̀kan lórí fóònù, á fi ránṣẹ́ sí mi, á kọ "bíìpù bíìpù", igbe ẹyẹ náà, sábẹ́ ẹ̀. Kò ní kí mi o.

Lálẹ́ Sátidé, èyí tí Coyote ti kun àpáta ló fi ránṣẹ́. Ó gbé garawa ọ̀dà, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó ya ihò ńlá sára òkúta, bí ẹni pé ọ̀nà gba abẹ́ òkè kọjá. Ó sá pamọ́, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. Road Runner dé, fììì, ó wọnú ọ̀dà yẹn lọ bí ẹni wọ yàrá ìyá ẹ̀. Coyote wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kóun náà gba ibẹ̀. Gbàà! Imú ló kọ́kọ́ kan òkúta. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló burú nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí? Àwòrán ẹ̀ dáa. Àpáta ló ń ṣègbè.

Chuck Jones ló gbé àwọn méjèèjì jáde ní ilé iṣẹ́ fíìmù Warner Bros. ní 1949, òun àti Michael Maltese tó ń kọ ìtàn. Aginjù Amẹ́ríkà ni wọ́n kó wọn sí, níbi tí irú àwọn ẹranko bẹ́ẹ̀ ń gbé lóòótọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹyẹ yẹn gan-an kì í sábà sá ju nǹkan bíi kìlómítà 30 ní wákàtí kan lọ. Coyote ń sá tó 60. Ká ní aginjù gidi ni, ọ̀rọ̀ á ti tán kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Mo kọ gbogbo èyí sí àbúrò mi. Ó dáhùn: bíìpù bíìpù.

Paul Julian ló ni ohùn bíìpù bíìpù yẹn, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ya àwòrán ẹ̀yìn níbi iṣẹ́ wọn. Bó bá gbé ẹrù tó dí i lójú gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, bó ṣe ń ké nìyẹn. Ẹ yàgò lọ́nà tirẹ̀ ni.

Àmọ́ ìṣubú gan-an ni mo fẹ́ràn. Coyote á sáré kọjá etí ọ̀gbun, á ṣì máa sáré lórí afẹ́fẹ́, kò ní já. Àfi tó bá wo ìsàlẹ̀. Etí ẹ̀ á kọ́kọ́ rọ. Á wá gbójú sókè wo àwa tí à ń wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lọ, á kéré, á kéré, ó di eruku bíńtín nísàlẹ̀. Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú fíìmù, Jones sì ka ti ìṣubú yìí: 18 kó fi pòórá, 14 sí i kó tó balẹ̀. Ó ní 13 ò pani lẹ́rìn-ín, 15 náà ò pani lẹ́rìn-ín.

Mo mọ ojú tó fi ń wò wá yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ̀wé sí ìyá wa pé, "Ọmọ yín ti tún bẹ̀rẹ̀ wèrè ẹ̀ o." Mo tẹ̀ ẹ́ tán kí n tó rí i pé àbúrò mi ni mo fi í ránṣẹ́ sí.

Àwòrán Coyote lókè ọ̀gbun ló fi dá mi lóhùn. Ó kọ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má tíì wo ìsàlẹ̀ o."