Sìpàgẹ́tì wà, ọbẹ̀ wà, "kò ṣeé ṣe, mà"

Ẹ jẹ́ kí n tètè kọ ọ́ kí inú mi tó rọ̀, torí mo mọ ara mi, bó bá dọ̀la mi ò ní kọ nǹkan kan mọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọmọ wọn, ọmọ ọdún 6, lọ jẹun ní kafé oúnjẹ Ítálì kan, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Èmi ni mo mú wọn lọ o. Èmi ni mo ní "ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wulẹ̀ dáná lónìí, ẹ jẹ́ n mú yín lọ síbi tí wọ́n ti mọ oúnjẹ sè". Ẹnu mi ló kó bá mi.

Ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ọmọ ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lòun fẹ́ jókòó, wétà ní tábìlì ẹni méjì nìyẹn, àwa sì jẹ́ mẹ́ta. A ní kò burú, a máa fa àga kan kún un, ṣebí àga ló kún ilẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. "Kò ṣeé ṣe, mà." Ẹ máa bá mi ka "kò ṣeé ṣe" yìí o, èkíní nìyẹn.

Kí n má purọ́, àwọn kan wà tó yé mi. Ọmọ kọ́kọ́ ní písà lòun fẹ́ jẹ, wọ́n ní àwọn kì í dá iná sí ààrò písà àfi tó bá di aago 6 ìrọ̀lẹ́. Mo gbà. Ààrò onígi ni, irú èyí táwọn ará Naples ní Ítálì ń lò, àwọn tí àjọ àgbáyé UNESCO fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn nídìí písà ṣíṣe sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá ọmọ aráyé ní 2017, ààrò ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ gbóná dé bíi 485 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí písà tó lè jinná láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ta ló máa fi igi tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣòfò ní aago 2 ọ̀sán nítorí ọmọ kan?

Ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n wá ní kí wọ́n bá àwọn yọ ẹran inú carbonara, oúnjẹ pásítà kan, kí wọ́n fi kíríìmù díẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Wétà ní ẹyin, ṣíìsì pecorino, ata dúdú àti guanciale, ìyẹn ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, ló ń jẹ́ carbonara, kíríìmù ò sí níbẹ̀, bí ẹran bá sì ti kúrò ńbẹ̀ kì í ṣe carbonara mọ́. Òótọ́ ló sọ. Èmi náà tiẹ̀ gbè é lẹ́yìn, ni ẹ̀gbọ́n mi bá wò mí lójú kan báyìí. (Mi ò tíì bọ́ nínú wíwò yẹn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.)

Ibi tí inú ti wá bí mi nìyí. Ọmọ ní kó kúkú jẹ́ sìpàgẹ́tì àti ọbẹ̀ tòmátò lásán, kó má ta. Ẹ wò ó, sìpàgẹ́tì wà nínú mẹ́nù, aáyù, òróró ólífì àti ata gbígbẹ ni wọ́n fi ń ṣe é, aglio e olio lorúkọ ẹ̀. Ọbẹ̀ tòmátò náà wà nínú mẹ́nù, gnocchi ni wọ́n ń dà á lé, àwọn róbótó kéékèèké tí wọ́n fi pòtétò pò yẹn. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bu ọbẹ̀ ti gnocchi sórí sìpàgẹ́tì. "Kò sí nínú mẹ́nù, mà." Mo ní méjèèjì mà wà nínú mẹ́nù. Ó ní wọn ò sí pa pọ̀. Mo ní ó dáa, aglio e olio yẹn náà, ẹ má ṣáà fi ata sí i. Ó ní bí kúùkù àwọn ṣe ń sè é nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sè é rí mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ tí wọ́n ń sè sílẹ̀ látàárọ̀. Sìpàgẹ́tì ń hó lápá kan, aáyù ń yan nínú òróró lápá kejì, ìka ọwọ́ kúùkù ló sì ń gbé ata sínú páànù, kí ìka yẹn ṣáà má gbé e ni mo ń bẹ̀bẹ̀ sí. Ẹran carbonara, mo gbà, tí wọ́n bá yọ ọ́ oúnjẹ ti di nǹkan míì. Abọ́ ọmọ ọdún 6 tí kò fẹ́ ata, kí ló máa bà jẹ́ jàre?

A ra gnocchi fọ́mọ, ẹ̀gbọ́n mi mú aglio e olio, ọmọ tún ń sunkún sìpàgẹ́tì, a ní ẹ fún wa ní àwo kékeré kan ká fi yọ díẹ̀ fún un, àwo òfìfo lásán o. Kò ṣeé ṣe, oúnjẹ ẹnì kan, ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́. Àwo pẹrẹsẹ abẹ́ kọ́ọ̀pù kọfí mi la fi dọ́gbọ́n sí i. Kọfí ọ̀hún náà, cappuccino ni mo béèrè, ní aago 2 ọ̀sán! Àwọn ará Ítálì fúnra wọn, àárọ̀ ni wọ́n sábà máa ń mu ún, mo ti ń múra ìjà sílẹ̀ lọ́kàn, àfi bó ṣe gbé e wá wéré. Ibi tí mo ti ń retí òfin, kò sí òfin níbẹ̀.

Sìpàgẹ́tì wá dé, ó rọ̀ bẹ̀tẹ̀. Al dente ni wọ́n kọ sínú mẹ́nù o, ìyẹn kó ṣì le díẹ̀ léyín. Nínú gbogbo òfin wọn, òfin yìí nìkan ni kúùkù ò tẹ̀ lé.

Mo ní kí n rí máníjà, ó wá, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó tún òfin kan náà kà, mo bá sanwó.

Nígbà tó dìrọ̀lẹ́ ẹ̀gbọ́n mi gbé omi kaná, wọ́n se sìpàgẹ́tì, wọ́n da ọbẹ̀ tòmátò lé e, kò tó 20 ìṣẹ́jú tó ti délẹ̀. Ọmọ jẹ àwo 2. Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi o, wọ́n kàn ń wò mí ni, mo bá dìde lọ fọ ìkòkò.