Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Yín Náà Sanwó Wọlé: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Yíya Eré Inú Ọgbà Ìgbafẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń bi mí pé kámẹ́rà wo ló yẹ kí ẹ rà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn eré tí wọ́n ń ṣe ní Walt Disney World àti Universal, àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ńlá ní Orlando ní Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kámẹ́rà sílẹ̀ ná. Fóònù tó wà lápò yín ti tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwà tí wọ́n ń bá kámẹ́rà wọ ibi eré ló ṣòro, ẹnikẹ́ni kì í sì í tà á. Láti ìgbà tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mo ti rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń bí ẹni ẹ̀yìn nínú ló tún ń ba fídíò ẹni tó ń yà á jẹ́. Ẹ jáwọ́ ńbẹ̀ nítorí ẹni ẹ̀yìn, àwòrán yín náà á dára sí i. Àwọn ibìkan wà tí ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, tí ìwà máa ń gba àwòrán lọ́wọ́ ẹni. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín.

Fíláàṣì ni kí n kọ́kọ́ mú, torí òun ni wọ́n ń kìlọ̀ rẹ̀ jù, òun náà sì ni àwọn èèyàn kì í gbọ́. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kéde rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má tàn án. Eré ò tíì lọ jìnnà tí ẹ ó fi rí i tó ń kọ mànà níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń tàn án rò pé iná yẹn ń dé orí pèpéle ni. Kò dé bẹ̀. Bí iná ṣe ń rìn ló ń rẹ̀: tí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin iná náà ló máa kù. Fíláàṣì fóònù kì í sì í lágbára kọjá mítà mélòó kan. Tí òṣèré bá wà ní mítà 20 sí yín, orí pípá bàbá tó jókòó níwájú ni ẹ máa yà, á sì mọ́ rekete. Pèpéle tí àwọn onímọ̀ iná ti fi àwọ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ á wá dúdú kirimú lẹ́yìn orí náà.

Iná tí kò tó fi ya àwòrán yìí tó láti ba ojú ẹlòmíràn jẹ́, torí ojú tó ti mọ́ òkùnkùn lára ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ lọ wo Festival of the Lion King ní Animal Kingdom, ọ̀kan lára àwọn ọgbà tó wà nínú Walt Disney World, eré tó ti wà láti 1998 tí wọ́n ti ṣí ọgbà náà. Àwọn òǹwòran yí pèpéle ká ni. Apá mẹ́rin ni wọ́n pín ìjókòó sí, wọ́n sì fi ẹranko sọ wọ́n lórúkọ: kìnnìún, erin, àgùnfọn àti ìmàdò. Ẹ̀gbẹ́ yòówù kí ẹ wà, àwọn kan dojú kọ yín. Fíláàṣì yín ń lọ tààrà sójú àwọn ọmọ kéékèèké tó wà lódìkejì, ó sì ń gba ojú àwọn tó ń ṣeré kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nínú eré yẹn, àwọn tó múra bí ọ̀bọ ń tàkìtì láti orí irin kan bọ́ sórí òmíràn, ẹnì kan ń fi iná dárà. Ẹni tó na ọwọ́ sí irin lójú òfuurufú kò gbọdọ̀ rí nǹkan mìíràn ju irin náà lọ.

Ní Haunted Mansion ńkọ́, ilé iwin tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní Disneyland ti California ní 1969? Dígí ni wọ́n fi ń pe iwin jáde nínú gbọ̀ngàn ijó, ọgbọ́n kan náà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, John Henry Pepper, fi dá àwọn ará London lára yá ní 1862. Ohun tó ń jó wà níbòmíràn tí ẹ ò lè rí. Òjìji rẹ̀ ló ń hàn lára dígí ńlá tó wà láàárín yín àti gbọ̀ngàn. Ẹ tan fíláàṣì, dígí á dá a padà sí yín, iwin á sá lọ, ohun tó máa kù nínú fóònù yín ni funfun báláú.

Iná kéékèèké mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kì í rántí. Kámẹ́rà púpọ̀ ní iná pupa kan tó fi ń wá ojú ohun tó fẹ́ yà nínú òkùnkùn. Ẹ wọ inú ètò rẹ̀, kí ẹ pa á láti ilé. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù kù dé ìsàlẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó wà lẹ́yìn yín ń rí eré méjì: ti orí pèpéle àti tọwọ́ yín. Tọwọ́ yín ló sì máa ń mọ́lẹ̀ jù. Fóònù tí wọ́n fi sílẹ̀ láti ṣe bó ṣe wù ú á rí òkùnkùn tó pọ̀, á gbé ìmọ́lẹ̀ àwòrán sókè, ojú òṣèré á wá funfun bí ẹfun. Ẹ fi ìka kan ojú òṣèré náà lára fóònù, kí ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀, kí ẹ sì fa ìmọ́lẹ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé kámẹ́rà láti Nàìjíríà wá, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ilé ń lù ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Ìyẹn ló ń fa àwọn ìlà dúdú tó ń rìn kọjá nínú fídíò yín. Ẹ yí ètò kámẹ́rà padà sí ti Amẹ́ríkà. Shutter ni ohun tó ń ṣí ojú kámẹ́rà kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé; 1/60 ìṣẹ́jú àáyá ni mo máa ń fi tèmi sí, 1/125 tí òṣèré bá ń fò. Níbí ni ìwà àti àwòrán ti kọ́kọ́ ń bá ara wọn jà: shutter tí kò dún, tí kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, òun ló máa ń kó ìlà dúdú wá jù lábẹ́ iná LED. Èyí tó ń dún kì í sábà ní ìṣòro yẹn, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe ń ta nígbà tí ẹnì kan ń dá orin kọ ní ohùn jẹ́jẹ́. Mo máa ń dúró de ìlù tàbí àtẹ́wọ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀sùn tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn òǹwòran ni ti ọwọ́ tó lọ sókè. Ní Magic Kingdom, ọgbà mìíràn nínú Walt Disney World, lálẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń yin iná aláràbarà sójú ọ̀run lókè ààfin Cinderella, àwọn fóònù á pọ̀ lókè orí débi pé ọmọ kékeré ò ní rí nǹkan kan. Ààfin yẹn ga tó ẹsẹ̀ bàtà 189. Iná tí wọ́n ń yìn tún ga jù ú lọ. Kí la tún ń nawọ́ sókè wá? Kì í pẹ́ tí apá tó nà fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, fídíò á máa mì. Ẹ gbé fóònù síwájú àgbọ̀n, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì há ìhà, kò ní mì. Ní ti Happily Ever After, eré iná alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2017, wọ́n tún ń ju àwòrán sára ààfin fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹni tó sún mọ́ ẹsẹ̀ ààfin ni kò ní rí gbogbo rẹ̀ yà. Ẹ padà sẹ́yìn lójú Main Street, ọ̀nà tó lọ sí ààfin náà. Ààfin àti ojú ọ̀run á wọ inú àwòrán kan ṣoṣo, èrò ẹ̀yìn yín ò sì ní pọ̀.

Mo mọ ibi tí a ti kó àṣà yìí. Lóde ìnáwó nílé, oníkámẹ́rà lè dúró sáàárín ìyàwó àti àwọn òbí rẹ̀, ó lè ní kí ẹni tó ń náwó dúró ná kó lè yà á dáadáa, kò sẹ́ni tó máa bá a wí, torí ẹni tó ni òde ló pè é. Nínú ọgbà ìgbafẹ́, kò sẹ́ni tó pè wá. Òǹwòran ni wá bíi gbogbo èrò. Ìyá tó wà lẹ́yìn yín lè ti máa tọ́jú owó láti ọdún tó kọjá kó tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá, kò sì ní padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bíi tiyín tí ẹ ní tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún.

Níbi tí ìwà ti ń gba àwòrán lọ́wọ́ ẹni, ti ìjókòó ló le jù. Ẹni tó fẹ́ ya eré látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìlà ẹ̀yìn pátápátá ni kó lọ, kí ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà ẹ̀yìn ò ní fún un ní ojú òṣèré. Lẹ́ǹsì gígùn lè dín in kù, fóònù ò lè ṣe é. Mo fara mọ́ ọn. Ohun tó ń ràn mí lọ́wọ́ ni pé púpọ̀ nínú àwọn eré ọ̀sán ni wọ́n ń tún ṣe lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Ẹ kọ́kọ́ wò ó láìgbé kámẹ́rà. Ní Indiana Jones Epic Stunt Spectacular, eré kan tó ti wà ní Hollywood Studios, ọgbà mìíràn nínú Walt Disney World, láti 1989, ẹni tó ti wò ó rí mọ ìgbà tí òkúta rìbìtì ńlá inú rẹ̀ máa yí bọ̀ àti ìgbà tí iná máa bú. Á gbé fóònù sókè fún ìwọ̀nba yẹn, á sọ ọ́ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí i, kò sì ní jókòó ti wákàtí mẹ́ta fídíò lálẹ́ láti wá ohun tó wúlò níbẹ̀.

Àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara sábà máa ń ṣófo títí eré á fi kù díẹ̀, a sì máa ń rí iwájú dáadáa láti ibẹ̀. Ojú á wọ̀ ọ́. Ẹ má lọ dúró síwájú rẹ̀. Láwọn ọjọ́ mìíràn, Disney tún máa ń mú ògbufọ̀ tó ń fi èdè àwọn adití sọ̀rọ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle. Fóònù tó bá dí adití lójú níbẹ̀, etí ló dí i.

Òfin ò gba àríyànjiyàn, nítorí náà mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Láti June 30, 2015 ni Disney ti fi òfin de ọ̀pá sẹ́lífì nínú àwọn ọgbà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Tíráípọ́òdù, ìyẹn ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, tí kò bá wọ inú báàgì ẹ̀yìn, tàbí tó bá nà kọjá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kò gbọdọ̀ wọlé sí Walt Disney World. Ti Tokyo Disneyland le jù bẹ́ẹ̀: tíráípọ́òdù, ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ kan, ọ̀pá sẹ́lífì, wọn ò fẹ́ ẹyọ kan nínú wọn. Drone, kámẹ́rà tó ń fò, ńkọ́? Ìjọba Amẹ́ríkà ti ti ojú òfuurufú tó wà lókè Walt Disney World àti Disneyland pa, ẹ má dán an wò. Ní Halloween Horror Nights, àwọn alẹ́ ẹ̀rù ti Universal tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, wọn kì í gbà kí wọ́n ya nǹkan kan nínú àwọn ilé ẹ̀rù, torí òkùnkùn ni àwọn òṣèré ibẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá ní kí ẹ sún, ẹ sún. Ó ti sọ ọ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ṣáájú yín lọ́jọ́ yẹn, ẹjọ́ rírò yín ò ní yí i lọ́kàn padà.

Ti àwọn òṣèré tó wà nínú aṣọ Mickey tàbí Goofy, ojú tí ilé yín fi ń wo egúngún ni kí ẹ fi wò wọ́n: ẹni tó dá ẹsẹ̀ mọ̀ lábẹ́ ẹ̀kú kì í pe orúkọ. Tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá ṣí sílẹ̀ tí ẹ rí ẹnì kan tó ti bọ́ orí aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ yí kámẹ́rà sí ibòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹnì kan bá ṣubú lórí pèpéle tàbí tí wọ́n bá dá eré dúró nítorí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Irú fídíò bẹ́ẹ̀ máa ń rí òǹwòran púpọ̀ lórí YouTube, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e síbẹ̀.

Nílé, kí ẹ tó gbé iṣẹ́ yín jáde, ẹ wò ó bóyá ọmọ ọlọ́mọ wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ hàn gbangba, pàápàá èyí tó ń sunkún. Ẹ gé e kúrò tàbí kí ẹ bo ojú rẹ̀. Ẹ tún ka òfin ọgbà náà lórí yíya nǹkan fún òwò. Disney ò gbà á láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í dá arìnrìn-àjò tó ń ya fídíò tirẹ̀ dúró. Orin inú eré náà lẹ́ni tó ni ín. YouTube ní ẹ̀rọ tó ń dá orin mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, owó tí fídíò yín bá pa sì lè gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ni orin lọ. Bí owó ni ẹ ń wá, ẹ máa sọ̀rọ̀ sí àwọn fídíò ìrìn àárín ọgbà àti ti oúnjẹ, kí ẹ jẹ́ kí ti eré kúrú.