“Ìwé Ẹ̀ Dà, Mọ́mì?”

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìyá mi pè láti Ẹ̀gbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kogi, ó ní kí ọmọ mi lu orin kan fún òun kí òun tó sùn. Ọmọ náà, tó ti pé ọdún 15, jókòó sídìí píánò, ó wojú mi, ó ní, “Ìwé ẹ̀ dà, Mọ́mì?” Ìyá mi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa, ó tún orin náà dá. Ọmọ ò fọwọ́ kan nǹkan kan, torí pé kò sí ìwé orin níwájú rẹ̀. Ó ń dùn mí títí di àárọ̀ yìí.

Ẹ ò mọ irú ọmọ tó jẹ́. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá akọrin ni bàbá, Titcombe College ló ti kọ́ sol-fa, ọmọ kan ò sì ní jẹun nílé rẹ̀ láìkọ́kọ́ kọ dò-rè-mí. Kíì 61 ni kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì ní, méjì nínú wọn ò dún, ọmọ mi sì ti mọ bó ṣe ń fò wọ́n. Bíná bá lọ, tí epo ò sí nínú jẹnẹrétọ̀, á máa tẹ kíbọ́ọ̀dù tó ti kú, á máa fẹnu gbé orin rẹ̀. Ọmọ ọdún 9 ni nígbà tó ń lu fáwọn ìyá. Ẹ kúkú mọ àwọn ìyá wa: ọ̀kan á dá orin nísàlẹ̀, èkejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á gbé e lọ sókè àjà, wọn ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Á fi ìka kan wá wọn kàn, kí wọ́n tó parí ìlà kejì, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti wọlé, onílù ti bá a.

Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tó bá mi ní Manchester. Olùkọ́ tí mo kọ́kọ́ gbà fún un gbọ́ orin kan péré, ó ní ta ló ba ọwọ́ ọmọ yìí jẹ́, kó gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀. Ojú ọmọ ló ṣe. Lóòótọ́, píánò ní kíì 88, ó wúwo, ó gba kéèyàn mọ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́ ọ. Ó ń lu Bach báyìí, ó ti yege nínú theory Grade 5, ìdánwò àkọsílẹ̀ lórí ìmọ̀ orin, tí ABRSM, àjọ tó ń ṣèdánwò orin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń béèrè kéèyàn tó ṣe ìdánwò píánò Grade 6. Inú mi dùn sí i gan-an. Àmọ́ ọ̀rọ̀ “gbàgbé” yẹn wọ̀ ọ́ lára.

Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá. Orí fóònù la ti wo ìsìnkú. Nígbà táwọn akọrin dá orin tí bàbá fẹ́ràn jù, ọmọ mi gbọ́wọ́ lé píánò, ó tún gbé e kúrò. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun kóun má lọ ṣì í. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún.

Nínú ìdánwò píánò rẹ̀, máàkì 18 ló wà fún aural, níbi tí wọ́n ti ń lu orin fún ọmọ kó kọ ọ́ padà láìwo ìwé. 18 ló gbà. Níbi tí wọ́n ti ní kó lu ohun tí kò rí rí látinú ìwé, 12 ló gbà nínú 21. Ṣé Manchester ló fún un ní 18 yẹn? Fela Sowande, ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ orin sílẹ̀, lu jazz ní London, ó sì gba FRCO, oyè ńlá àwọn tó ń lu ọ́gáànù, lọ́dún 1943. Ta ló ní kó gbàgbé ọ̀kan kó tó mọ èkejì?

Láti Sátidé yìí, n ó máa kó ìwé orin kúrò nílẹ̀ fún wákàtí kan. Èmi ni n ó dá orin, ibi tó bá wù mí ni n ó gbé e gbà, kó wá mi kàn. Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú àti Kàbà tẹ́ ẹ wà ní Manchester, ẹni tó bá lè lu ìlù láàárín yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa ṣe é.