Rúlà lórí tábìlì ìyá mi

Lálẹ́ àná, nílé wa ní Lágere, ìyá mi tún bi mí: “Àjàní, kí lò ń wọ̀n gan-an?” Mo tẹ ìdí rúlà mọ́ etí tábìlì, mo ta orí rẹ̀, ó ń gbọ̀n. Mo ní, “Ẹ wò ó, Mà. Bí ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn mímì nǹkan ṣe rí nìyí, ó kàn kéré ju èékánná lọ. Ìmọ́lẹ̀ lésà tó ń ta lu dígí ara rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe mì tó.” Pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń ti dígí náà díẹ̀, wọn ò gbà o.

LIGO, ẹ̀rọ ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ń fi lésà àti dígí wọn mímì bíi tèmi; ní 2015, ó mọ mímì tó wá láti ọ̀dọ̀ ihò dúdú méjì tó kọlu ara wọn, ìyẹn ohun ojú ọ̀run tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀. Apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn tó kìlómítà 4. Tèmi gbọ́dọ̀ wọ àpò ṣòkòtò. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló ń dà mí láàmú: bó bá ti ń dún, òun nìkan ni mò ń wọ̀n. Òru ni mo wá ń ṣiṣẹ́.