Ẹ̀wà tó wọ imú Àjàní

Ìyá Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè mí nílé tí à ń gbé n'Íbàdàn. Mi ò kí ń ṣe nọ́ọ̀sì o, aṣọ ni mò ń rán. Ọjọ́ tí ẹ̀kọ gbígbóná dà sọ́mọ alájọgbé wa kan lọ́wọ́ ni wọ́n fi mí joyè yẹn. Ẹnì kan ti sáré gbé ẹyin dé, ẹnì kejì gbé epo pupa. Èmi ni mo gba ọmọ lọ́wọ́ wọn, mo ti ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ omi, mi ò sì jẹ́ kó yọ ọ́ títí ìṣẹ́jú 20 fi pé. Ọwọ́ náà ò bó. Látọjọ́ náà lorí mi ti wú. Mo ra àpótí funfun kan, mo kó báńdéèjì àti òwú sí i, mo gbé e sórí fíríìjì bí ife ẹ̀yẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mò ń ṣa ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín lẹ́yìnkùlé. Àjàní, ọmọ mi ọdún mẹ́ta, jókòó tì mí, ó ń bá mi ṣà á, lójú ara tiẹ̀. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

"Mọ́mì, ó ti wọlé."

"Kí ló wọlé?"

Ó nàka sí imú.

Àyà mi ò já. Mo gbé àpótí mi sọ̀, mo mú irin kékeré tí mo fi ń fa irun ojú mi. Mo ń rí ẹ̀wà olóyin yẹn nínú ihò ọ̀tún, ó ń dán. Mo fi irin kàn án, ó sún wọlé. Mo tún kàn án, ó tún sún. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mi ò rí i mọ́.

Mo wá rò ó pé ohun tó bá há, omi ni yóò yọ ọ́. Mo ti kán omi sí i bí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti Ìsẹ́yìn wá kí wa, tó yọjú.

"Ìyàwó mi, ṣé ẹ̀wà lò ń rẹ yẹn?"

Èmi tí mo ti ń rẹ ẹ̀wà láti kékeré! Mo wo abọ́ tí mo ti rẹ ìyókù sí láàárọ̀. Gbogbo wọn ti wú rọ̀gọ̀dọ̀.

Màmá ní kí n fọkàn balẹ̀, kí ọmọ ṣáà ti sín ni. Wọ́n ṣí agolo aṣáà wọn, wọ́n bù ú sátẹ́lẹwọ́, wọ́n fẹ́ ẹ sí i. Atẹ́gùn dá a padà. Màmá sín. Mo sín. Ìyá Súlè tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ sín lẹ́ẹ̀mẹrin. Àjàní ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí Màmá tún un ṣe.

A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gidi tá a bá níbẹ̀ kéré sí àbúrò mi.

"Ta ló ti kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́?"

Mo wo Màmá. Màmá wo àjà. Àjàní nàka sí mi.

Ó ní kí n gbé ọmọ lésẹ̀. Ó fi ìka dí ihò òsì, ó ní kí n fi ẹnu mi bo ẹnu Àjàní pátápátá, kí n sì fẹ́ ẹ lójijì bí ẹni ń fẹ́ná. Ìfẹnukonu ìyá lorúkọ rẹ̀. Ó ní dókítà kan ní Amẹ́ríkà ti kọ nípa rẹ̀ láti 1965, àti pé nínú ọmọ 10, ó máa ń ṣiṣẹ́ fún bíi 6. Gbogbo ohun tí mo kó sínú àpótí yẹn, àṣé ẹnu mi ni mo gbàgbé.

Mo fẹ́ ẹ. Pọ́! Nǹkan kan fò jáde, ó lẹ̀ mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́ tòun tikun. Ẹ̀wà ni, ó ti wú, èèpo rẹ̀ ti là.

"Dókítà ilé wa!" Màmá pàtẹ́wọ́. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa ròyìn ẹ̀ fún Ìyá Súlè.

Nọ́ọ̀sì ò bá wa pàtẹ́wọ́. Ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò òsì.

"Àjàní, mélòó lo kì síbẹ̀?"

Àjàní na ìka méjì sókè.

"Mọ́mì, ẹ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Ó ku ọ̀kan."