Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an?

Màámi pè mí láti ọjà Gbági ní ọjọ́ Ẹtì kan. "Àdùkẹ́, nǹkan tí mo rà yìí ti tún kú o." Power bank ni wọ́n ń sọ. Ọmọkùnrin kan tó ń kiri ló tà á fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, 60,000mAh sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà, ìyẹn iye iná tí wọ́n ní ó lè kó pamọ́. Ọmọ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló máa kún fóònù wọn kí ó tó tán. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kò ṣe é. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí yẹn, oníbàárà kan fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì wọn, fóònù ti kú, power bank ti kú, iná kò sí. Kò sí bí wọ́n ṣe máa mọ̀ bóyá owó wọlé. Oníbàárà bá kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Àǹkárá mẹ́fà ló fẹ́ rà. Ìyẹn ló dùn mí jù, torí mo mọ bí ọjà ṣe rí lásìkò yìí.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn ní Sátidé, mo gbé e, ó wúwo dáadáa lọ́wọ́. Mo ní mítà USB kékeré kan tí mo máa ń kì bọ àárín okùn àti ohun tí mo bá ń ṣáàjì, ó máa ń ka iye iná tó gba ibẹ̀ kọjá. Mo ti ṣáàjì power bank náà mọ́jú, mo wá jẹ́ kí ó pọ gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀ jáde. Màámi jókòó tì mí, wọ́n ń wo nọ́ńbà tó ń gòkè náà bí wọ́n ṣe máa ń wo òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran. Ó dúró sí 1,870mAh.

"Mélòó ló kù?"

"Kò ku nǹkan kan mọ́, Màámi. Ó tán nìyẹn."

Mo bá tú u. Bátìrì roboto méjì péré ni mo bá níbẹ̀, irú èyí tó máa ń wà nínú tọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ mọ́ ike. Irin yẹn kò so mọ́ wáyà kankan. Kí ẹrù náà lè wúwo lọ́wọ́ ẹni tó ń rà á ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀. Màámi gbé irin náà lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wò ó pẹ́. Wọn ò sọ̀rọ̀.

Bátìrì roboto yẹn, 18650 la máa ń pè é. Èyí tó dára jù nínú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 3,500mAh, ọ̀kan sì máa ń wúwo tó gírámù 45 sí 50. Ẹni tó bá fẹ́ kó 60,000mAh jọ yóò to irú rẹ̀ méjìdínlógún. Ìyẹn ti lé ní gírámù 800 kí a tó ka ike àti wáyà. Ohun tó bá wọ àpò aṣọ ẹni wọ́ọ́rọ́wọ́ kò lè jẹ́ 60,000mAh láéláé.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí kò ní kí ẹ tú nǹkan kan. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Wh sí lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn watt-hour, àpapọ̀ agbára tó wà nínú bátìrì. Tí ẹ bá fi 3.7 sọ mAh di púpọ̀, tí ẹ wá fi 1,000 pín in, Wh lẹ máa rí. 20,000mAh máa fún yín ní 74Wh. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000mAh, bíi ọ̀pọ̀ Tecno àti Infinix tó wà lọ́wọ́ wa, nǹkan bíi 19Wh ló ń gbà. Tí a bá yọ èyí tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, 20,000mAh tí kò ní irọ́ nínú máa kún un ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ wọn fi máa ń kọ "rated capacity" ní lẹ́tà wíwẹ́ sábẹ́ nọ́ńbà ńlá náà. Iye yẹn máa ń kéré sí tòkè, torí agbára bátìrì inú ló wà lókè, èyí tó máa dé inú fóònù yín ló wà nísàlẹ̀. Èmi ò lè ra èyí tí kò bá ní lẹ́tà wíwẹ́ yẹn. Ẹni tó bá sì ń wọ ọkọ̀ òfurufú mọ̀ pé èyí tó bá ti kọjá 100Wh, àfi kí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fọwọ́ sí i, tó bá kọjá 160Wh, wọn kò ní jẹ́ kí èrò gbé e wọlé rárá. 60,000mAh á jẹ́ 222Wh. Kí ẹ fúnra yín rò ó.

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ náà ní irin tiẹ̀. Àbúrò ọkọ mi wọ yunifásítì lọ́dún tó kọjá, a jọ lọ sí Queen Cinema ní Dùgbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà. Gbogbo ẹni tó bá ń rà á ló ń béèrè i7, orúkọ irú ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan tí Intel ń ṣe. Méjì ló wà níwájú wa: HP EliteBook 840 G3 tó jẹ́ i7-6600U, àti 840 G5 tó jẹ́ i5-8250U. Èyí tó jẹ́ i7 ni ọmọ náà dì mú, torí ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ nìyẹn. Mo ní kó wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé àmì kékeré àárín yẹn. 6 ni ti àkọ́kọ́, ìran kẹfà nìyẹn, core méjì ló sì ní, ìyẹn ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ náà. 8 ni ti èkejì, ìran kẹjọ, core mẹ́rin. Ká sọ pé ìdáná ni, ẹni méjì ń ro ọkà ní ibì kan, ẹni mẹ́rin ń rò ó ní ibòmíràn, ẹ wá ń wo irú aṣọ tí wọ́n wọ̀.

Èyí tó tún wá ká mi lára jù ni ti Windows. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 oṣù kẹwàá 2025. Wọ́n fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ní àfikún ọdún kan, títí di 13 oṣù kẹwàá 2026. Windows 11 kò sì gba kọ̀ǹpútà tí Intel rẹ̀ kò bá tó ìran kẹjọ, àfi díẹ̀, wọ́n sì tún ń béèrè TPM 2.0, ẹ̀rọ ààbò kékeré kan tó máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ lókè òkun ló ń kó ìran kẹfà àti ìkeje sọnù nítorí èyí. Ibo lẹ rò pé wọ́n ń kó wọn lọ? Ọ̀dọ̀ wa ni. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má rà á. Tó jẹ́ pé ìwé lẹ fẹ́ fi tẹ̀, ẹ fi Linux Mint sí i dípò Windows, ọ̀fẹ́ ni, á ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má san owó ìran kẹjọ lórí ìran kẹfà nítorí wọ́n kọ 7 sí i lára.

Kí a tó sanwó, mo ṣí ojú dúdú Command Prompt, mo tẹ powercfg /batteryreport. Ó máa ń kọ iye tí bátìrì gbà nígbà tó jẹ́ tuntun àti iye tó ń gbà báyìí. Ti G5 yẹn, ó lé díẹ̀ ní 50,000mWh (ìyẹn 50Wh) nígbà tó jẹ́ tuntun, ó ti di nǹkan bíi 21,000. Mo fi han ọmọ tó ń tà á. Kò bínú, ó wọ inú lọ, ó gbé mìíràn wá tó ṣì ń gba 41,000, iye kan náà la san. Iṣẹ́jú méjì ni gbogbo ẹ̀ gbà.

Ọ̀sẹ̀ tí mo tú power bank Màámi yẹn gan-an ni ọmọkùnrin kan wá wáṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ kan níbí ní Ìbàdàn, a sì ń wá ẹni tó máa ràn mí lọ́wọ́. CCNA, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ilé-iṣẹ́ Cisco, wà lọ́wọ́ rẹ̀, nínú fáìlì aláwọ̀ búlúù, kò tẹ̀, kò ká. Ìwé yẹn dùn mọ́ mi lójú torí mo mọ ohun tó ná èmi náà. 300 dọ́là ni owó ìdánwò náà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, báńkì ń pe dọ́là ní nǹkan bíi ₦460, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ni ẹni tó rí i rà ní iye yẹn. Ìjọba tú náìrà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà. Nígbà tí oṣù kejì 2024 máa fi pé, owó ìdánwò ti kọjá ₦400,000. Àjọ tí Màámi àtàwọn ẹgbẹ́ wọn ń dá ní Gbági ni wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó, òun ni mo fi san án. Àwọn ìyá oníṣòwò méjìlá ló gbé mi wọ gbọ̀ngán ìdánwò, ọgọ́fà ìṣẹ́jú ni mo sì lò níbẹ̀.

Mo mú bébà, mo ya ọ́fíìsì mẹ́rin sí i: ibi ìsanwó, ibi ìkàwé, yàrá kọ̀ǹpútà, yàrá àwọn olùkọ́. Mo kọ 192.168.10.0/24 sókè, ìyẹn àkójọ àdírẹ́sì tí a máa fún àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Mo ní, "Pín in fún àwọn mẹ́rin yìí lọ́gbọọgba."

Ó wo bébà náà. Ó mú bírò, ó tún gbé e kalẹ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ẹ bá kọ A, B, C, D sísàlẹ̀ rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n."

Ara mi bù máṣọ. Dump ló kà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìbéèrè ìdánwò tí wọ́n jí kó ni dump, wọ́n máa ń tà á lórí Telegram pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀, ẹ ó há a sórí, ẹ ó lọ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fi lọ èmi náà nígbà tí mò ń kàwé. Cisco lè fagi lé ìwé ẹni tí wọ́n bá mú, kí wọ́n sì dí i lọ́nà àtiṣe ìdánwò mìíràn. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí kọ́ nìyẹn. Bàbá ọmọ yìí ń wa mọ́tò èrò, òun ló san owó ìdánwò. Àwọn tó ta dump fún un gbowó, wọ́n lẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn nínú, wọ́n sì jẹ́ kó máa gbé e kiri bí ẹni tó ní iná. Inú bí mi sí wọn gidi. Ojú ọmọ náà ti pọ́n, mi ò sì fẹ́ kó fi ojú bẹ́ẹ̀ jáde ní ọ́fíìsì mi. Mo ní kó padà wá ní Sátidé.

Ó wá. Mo ti bẹ Màámi fún àjákù àǹkárá kan. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo ní, "Àdírẹ́sì 256 ló wà nínú aṣọ yìí. Ká a sí méjì." Ó ká a. Mélòó ló wà ní apá kan? 128. "O ti ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, /24 ti di /25. Tún un ká." 64. Ìṣẹ́po méjì, /26, apá mẹ́rin. Ó tẹ́ aṣọ náà padà, ilà ìṣẹ́po mẹ́ta hàn lórí rẹ̀, ó sì fi ìka tọ́ka sí ibi tí apá kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀: 0, 64, 128, 192. Mo ní etí aṣọ kì í ṣe é rán: àdírẹ́sì àkọ́kọ́ ni orúkọ apá náà, ti ìkẹyìn ni èyí tí a fi ń ké sí gbogbo kọ̀ǹpútà inú rẹ̀, a kì í fún kọ̀ǹpútà kankan ní méjèèjì. Ó ní, "Méjìlélọ́gọ́ta ló kù nígbà náà." Ohùn rẹ̀ yí padà bó ṣe ń sọ ọ́.

Gbogbo ohun tí a fi ń kọ́ ọ láti ìgbà náà, ọ̀fẹ́ ni. Packet Tracer, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àfarawé nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ Cisco Networking Academy, ẹ lè to ráúta àti switch (àwọn ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀) sínú rẹ̀ láì ra ẹyọ kan. Jeremy's IT Lab lórí YouTube kọ́ni ní CCNA láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Professor Messer náà sì wà fún CompTIA A+, ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ẹ̀kọ́ IT Support ti Google lórí Coursera dára gan-an, ẹ sì lè kọ̀wé béèrè ìrànlọ́wọ́ owó níbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó gbà á. Dátà ló ń ná wa lówó. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń pe dátà wọn ní aláìlópin, ẹ bi wọ́n léèrè gígábáìtì mélòó ni ẹ máa lò kí wọ́n tó dín eré rẹ̀ kù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Sátidé tó kọjá ni ìkẹrin. Mo fún un ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò rí rí, ọ́fíìsì mẹ́jọ, mo sì jáde lọ ra ẹ̀kọ àti àkàrà. Nígbà tí mo padà, ó ti pín in sí /27, ó ti to gbogbo rẹ̀ sínú Packet Tracer, kọ̀ǹpútà ibi ìsanwó sì ń dá ti ibi ìkàwé lóhùn, ìdáhùn mẹ́rin nínú mẹ́rin. Kò gbójú sókè. Ó ń gbìyànjú láti dí yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní ibi ìsanwó, ohun tí mi ò tíì kọ́ ọ.

Ọ̀gá wa bi mí ní Mọ́ńdè bóyá kí a ṣì máa wá ẹni tó máa ràn mí lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá ẹlòmíràn mọ́.